Niels Jensen pọ̀ bí eṣú ní Dẹ́nmáàkì: báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí mò ń wá?

Ṣèwádìí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ará Dẹ́nmáàkì ni ẹni tí mò ń tọpa rẹ̀, òṣìṣẹ́ oko lásán. Ohun tí mo ní lọ́wọ́ kò ju báyìí lọ: Niels Jensen ni orúkọ rẹ̀. Nínú ìkànìyàn 1880, ẹni ọdún 42 ni wọ́n kọ ọ́ sí, ó ní ìyàwó àti ọmọ, Odense Amt ló ń gbé (amt ni ẹkùn ìṣàkóso), iṣẹ́ rẹ̀ sì ni "Husmand og Daglejer", ìyẹn onílẹ̀ pẹ́ńpẹ́ àti alágbàṣe ojoojúmọ́. Níbi tí wọ́n ti ń kọ ibi tí wọ́n bí ènìyàn, wọ́n kọ "Veilby Sogn" (sogn ni ìjọ, agbègbè ṣọ́ọ̀ṣì kan), ọ̀rọ̀ kékeré kan wá tẹ̀lé e tí mi ò lè kà. Ó kú ní 1903 ní ìjọ tó ń gbé ní 1880.

Mo tẹ orúkọ náà sínú àpótí ìwárí, wọ́n rọ́ jáde bí omi. Mẹ́ta nínú wọn ni ọjọ́ orí bá mu. Veilby wo nìyí? Báwo ni mo ṣe máa mọ baba rẹ̀ láìṣe pé mo kàn yan èyí tó wù mí? Ṣé a tiẹ̀ lè kọjá 1800 fún irú tálákà bẹ́ẹ̀?

Akọ̀wé_Àgbà

Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ ná. Ní Dẹ́nmáàkì ìgbà yẹn, ibi àti ọjọ́ la fi ń dá ènìyàn mọ̀. Jensen túmọ̀ sí "ọmọ Jens". Bí baba bá ń jẹ́ Jens Rasmussen, ọmọkùnrin rẹ̀ á jẹ́ Niels Jensen, ọmọbìnrin rẹ̀ á jẹ́ Maren Jensdatter, kò sì sí ẹnìkan nínú ilé tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú baba. Òfin ìrìbọmi ti 1828 ní kí wọ́n máa fún ọmọ ní orúkọ ìdílé níbi ìrìbọmi, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ pásítọ̀ ìgbèríko ṣe bí ẹni pé àwọn ò gbọ́, títí ìjọba fi tún un pa láṣẹ ní 1856. Àárín méjèèjì ni ẹni tí wọ́n bí ní nǹkan bí 1838 bọ́ sí. Ó lè jẹ́ ọmọ Jens, ó sì lè jẹ́ ọmọ ẹni tó ti ń jẹ́ Jensen tẹ́lẹ̀.

Ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, ẹ ti sọ ọ́ tán láìmọ̀: 1903. Ṣé ẹ ti ṣí ìwé ikú rẹ̀ fúnra yín, àbí ọjọ́ ikú nìkan lẹ rí níbìkan? Láti 1891 ni wọ́n ti pààrọ̀ fọ́ọ̀mù inú ìwé ìjọ. Láti ìgbà náà, pásítọ̀ gbọ́dọ̀ kọ ibi tí wọ́n bí òkú, orúkọ àwọn òbí rẹ̀, ọkọ tàbí aya rẹ̀ àti ilé tó gbé kẹ́yìn. Ẹni tó kú ní 1885 kò ní èyí. Tiyín ní i.

Ẹ lọ sí ojúlé Rigsarkivet, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Dẹ́nmáàkì. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wọ Arkivalier Online, ẹ mú Kirkebøger, ìyẹn àwọn ìwé ìjọ, ẹ yan amt, lẹ́yìn náà sogn, lẹ́yìn náà ìwé tí 1903 wà nínú rẹ̀. Orúkọ amt àtijọ́, ti kí wọ́n tó tún ààlà pa ní 1970, ni wọ́n fi tò ó. Ẹ wá "Døde Mandkøn", torí ọ̀tọ̀ ni ojú ìwé àwọn ọkùnrin, ọ̀tọ̀ ni ti àwọn obìnrin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti wá baba ńlá wọn láàárín àwọn òkú obìnrin títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìkìlọ̀ kan: òkú kò sọ̀rọ̀ fún pásítọ̀. Ọmọ, opó tàbí aládùúgbò ló sọ ọ́. Orúkọ baba sábà máa ń pé, ti ìyá ni wọ́n máa ń ṣì sọ. Ẹ gbà á bí ìtọ́kasí, kí ẹ sì fi ìwé ìrìbọmi jẹ́rìí sí i.

Ní ti Veilby: Vejlby ni wọ́n ń kọ ọ́ lónìí, ó sì kéré tán, mẹ́rin ni wọ́n. Ọ̀kan wà ní Aarhus Amt, ọ̀kan ní Randers Amt, ọ̀kan ní Odense Amt, ọ̀kan ní Vejle Amt nítòsí Fredericia. Vejleby tún wà ní Lolland, lẹ́tà e kan péré ló yà wọ́n. Ẹ má ṣe sọ pé torí Odense Amt ló ń gbé, ti Odense ni. Láti Fredericia sí erékùṣù Fyn, níbi tí Odense Amt wà, omi tóóró kan ló wà láàárín, àwọn òṣìṣẹ́ oko sì ń rékọjá rẹ̀ lemọ́lemọ́.

Ọjọ́ orí náà tún ní ìdẹkùn. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ni wọ́n ka ènìyàn ní 1880. Bí ẹni náà bá ti pé 42, a jẹ́ pé láàárín February 1837 sí ìbẹ̀rẹ̀ February 1838 ni wọ́n bí i. Ṣùgbọ́n nínú ìkànìyàn mélòó kan, wọ́n kọ ọ́ sórí òpó ọjọ́ orí pé "det løbende Aar iberegnet", ìyẹn ni pé wọ́n ti ka ọdún tó ṣì ń lọ lọ́wọ́ mọ́ ọn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó di February 1838 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1839. Ẹ ka àkọlé òpó náà, kí ẹ sì wá 1836 títí dé 1840.

Ìyá_Ìwé

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé ti sọ ojú abẹ níkòó. Kí n fi ti ọwọ́ ìkọ̀wé kún un, torí ibẹ̀ ni yóò ti dí yín lọ́nà.

Ọwọ́ gótíìkì ni wọ́n fi ń kọ̀wé títí di nǹkan bí 1875, tí ilé ìwé yí padà sí ọwọ́ tí a mọ̀ lónìí; àwọn pásítọ̀ àgbà ò yí padà kíákíá. Lẹ́tà e jọ n kékeré. Lẹ́tà u ní ìkọ́ kékeré lórí, òun lẹ fi máa yà á sọ́tọ̀ kúrò lára n. Ìrù h máa ń wọ ìsàlẹ̀ ìlà. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé kà, ẹ má ṣe tẹjú mọ́ ọn. Ẹ wá ojú ìwé tí pásítọ̀ kan náà ti kọ orúkọ tí ẹ mọ̀ dájú, bí Maren, Hans, Anders, kí ẹ fi lẹ́tà wọn ṣe àwòkọ. Ọ̀rọ̀ kékeré tó tẹ̀lé "Veilby Sogn" yẹn, orúkọ amt ni yóò jẹ́, wọ́n sì sábà máa ń gé Amt kù sí "A." Nítorí náà, nínú mẹ́rin tí Akọ̀wé kà ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wá a. Ẹ kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí tákàdá, kí ẹ ka iye lẹ́tà tó gòkè àti iye èyí tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn gékúrú tó ń ṣi ènìyàn lọ́nà: 7ber kì í ṣe oṣù keje. Septem ni méje lédè Látìnì, nítorí náà September ni 7ber, October ni 8ber, November ni 9ber, December ni Xber. Ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ ní July ti pàdánù oṣù méjì. "Ejusd." túmọ̀ sí oṣù kan náà tó wà lókè, kì í ṣe orúkọ ènìyàn. "Gmd." ni Gaardmand, àgbẹ̀ tó ní oko odindi, "Hmd." ni Husmand, ẹni tó ní ilé àti ilẹ̀ pẹ́ńpẹ́, "Inds." ni Indsidder, ẹni tó ń háyà yàrá nílé onílé. Ẹnìkan náà lè jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín ogún ọdún, ẹ má ṣe torí iṣẹ́ sọ pé kì í ṣe òun.

Ìwé méjì ló wà fún ọdún kan náà láti 1814: hovedministerialbog tí pásítọ̀ ń kọ, àti kontraministerialbog, ẹ̀dà tí akọ̀wé ìjọ ń kọ, tó sábà máa ń jẹ́ olùkọ́ ilé ìwé. Òfin ní wọn kò gbọdọ̀ sùn lábẹ́ òrùlé kan náà, nítorí iná. Èmi máa ń ṣí kontra lákọ̀ọ́kọ́ torí ọwọ́ olùkọ́ máa ń mọ́ ju ti pásítọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀dà ni: ó ń fo ìlà, ó ń ṣi ọjọ́ kọ. Bí méjèèjì bá ta ko ara wọn, ẹ gba ti hoved.

Ṣèwádìí

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo rí ìwé ikú náà: "født i Veilby Sogn, Veile Amt, Søn af Husmand Jens Rasmussen og Hustru Karen Pedersdatter", ìyẹn ni pé Veilby ti Veile Amt ni wọ́n ti bí i, ọmọ Husmand Jens Rasmussen àti aya rẹ̀ Karen Pedersdatter. Bẹ́ẹ̀ Vejlby ti Odense ni mo ti ń tú fún ọ̀sẹ̀ méjì! Ní ti Vejle Amt wàyí, mo wá Niels Jensen nínú ìkànìyàn 1845 tí wọ́n ti tẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí rárá.

Akọ̀wé_Àgbà

Ẹ wá baba, ẹ má wá ọmọ. Nínú ìkànìyàn, wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ baba àti ìyá tán, wọ́n á wá fa ìlà kan mú àwọn ọmọ pọ̀, wọ́n á kọ "deres Børn", ọmọ wọn. Ọmọ náà lè jẹ́ "Niels" lásán, ó sì lè jẹ́ "Niels Rasmussen" bí pásítọ̀ ibẹ̀ bá tẹ̀lé òfin 1828. Nínú Danish Family Search, ojúlé tí a ti ń wá orúkọ nínú ìkànìyàn, ẹ tẹ Jens Rasmussen, Veile Amt, 1845, kí ẹ fi àpótí orúkọ ọmọ sílẹ̀ lófo. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí àwòrán ojú ìwé fúnra rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀rọ lè ti ka Rasmussen sí Rasmusen tàbí Asmussen.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ 1845 ni pé ìgbà náà ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ibi tí wọ́n bí olúkúlùkù. 1787, 1801, 1834 àti 1840 ní orúkọ àti ọjọ́ orí, wọn ò ní ibi ìbí. Nítorí náà, ojú ìwé kan ṣoṣo ní 1845 yóò fún yín ní ìjọ tí Niels ti wá, ti Jens baba rẹ̀ àti ti Karen ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kò bá sí ní 1845, 1850 àti 1855 náà ní i.

Ẹ má sì gbàgbé konfirmation, ìgbọ́wọ́léni tí ọmọ ń gbà ní nǹkan bí ọdún 14 tàbí 15. Fún Niels, 1852 sí 1854. Òpó yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé ìjọ: orúkọ òbí, ọjọ́ ìbí tàbí ọjọ́ ìrìbọmi, àti ọjọ́ tí ọmọ gba àjẹsára ìgbóná pẹ̀lú orúkọ ẹni tó fún un, torí láti 1810, ẹni tí kò gba àjẹsára kò lè gba ìgbọ́wọ́léni. Bí ọmọ bá ti ń ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní ìjọ mìíràn, ibẹ̀ ni ìgbọ́wọ́léni rẹ̀ yóò wà, pásítọ̀ á sì kọ ibi tí wọ́n ti bí i.

Túlé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bọ́ síi. Ẹ ti gbàgbé lægdsruller, ìwé orúkọ àwọn tí ìjọba lè mú wọ iṣẹ́ ológun. Fún ọmọ àgbẹ̀ tí wọ́n bí ní 1838, kò sí ohun tó dára jù ú lọ.

Láti 1789 títí di 1849, gbogbo ọmọkùnrin tí wọ́n bá bí fún àwọn ará oko ni wọ́n ń kọ sínú ìwé yìí láti ọjọ́ ìbí. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, ó ti ní nọ́mbà! Lẹ́yìn òfin 1849, ó kan gbogbo ọmọkùnrin, ọmọ ìlú àti ọmọ oko, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ wọ́n títí wọn ó fi di ọ̀dọ́. Nítorí náà, bí Niels bá jẹ́ ọmọ ìlú Fredericia, ẹ ò bá má rí i ní kékeré. Bó ṣe jẹ́ ọmọ husmand ní abúlé, ó wà níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kà á: apá òsì ni orúkọ baba, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni orúkọ ọmọ, ibi ìbí, ọjọ́ orí, àti gíga nígbà tó bá dàgbà. Tommer ni wọ́n fi ń wọn gíga, ọ̀kan súnmọ́ sẹ̀ǹtímítà 2.6, nítorí náà ẹni 64 tommer jẹ́ nǹkan bí 167. Lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń kọ ìwé ńlá tuntun, hovedrulle, tí wọ́n á fún gbogbo ènìyàn ní nọ́mbà tuntun. Ọdún méjì tó wà láàárín, wọ́n ń kọ tilgangsrulle fún àwọn ọmọ tuntun àti àwọn tó ṣí wọlé. Òpó méjì wà: nọ́mbà àtijọ́ àti nọ́mbà tuntun. Ẹ mú nọ́mbà àtijọ́, ẹ padà sí ìwé ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ ó bá a lórí nọ́mbà yẹn gẹ́lẹ́. Bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe máa fà á bí okùn títí dé ọdún ìbí. Bó bá ṣí lọ sí lægd mìíràn (lægd ni agbègbè tí wọ́n fi ń to ìwé yìí), wọ́n á kọ nọ́mbà lægd tó lọ àti nọ́mbà rẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tó ń bàjẹ́ ni pé àwọn ènìyàn ń wá orúkọ lójú ìwé kọ̀ọ̀kan dípò nọ́mbà, ó sì ń sú wọn. Òmíràn: bí baba bá ti kú tàbí tí ìdílé ti kó lọ, ẹ lè rí ọmọ náà lábẹ́ lægd àtijọ́ fún ọdún mélòó kan síi kí wọ́n tó tún un ṣe. Orúkọ tí wọ́n fa ìlà gba inú rẹ̀ ti jáde kúrò nínú ìwé: ó kú, ó ṣí, tàbí ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá. Ẹ ka àlàyé tó wà ní òpó ìkẹyìn kí ẹ tó pa á.

Kí n tó gbàgbé: ẹni ọdún 25 tàbí 26 ni Niels nígbà ogun 1864. Wọ́n dá àmì ẹ̀yẹ ìrántí sílẹ̀ ní 1875 fún àwọn tó jagun 1848 sí 1850 àti 1864, ìwé tí àwọn ọmọ ogun fi béèrè fún un sì wà ní Rigsarkivet. Ó tọ́ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣèwádìí

1845 ti jáde: Jens Rasmussen, ọdún 40, òun àti Karen, ọmọ mẹ́rin, Niels ni ìkejì. Wọ́n bí Jens ní ìjọ kan náà. Ìyẹn fi í sí nǹkan bí 1805. Báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é láti ibẹ̀ lọ sẹ́yìn, níbi tí kò ti sí fọ́ọ̀mù?

Ìyá_Ìwé

Ìwé ìjọ kí 1814 tó dé kò ní òpó. Pásítọ̀ ń kọ bó ṣe wù ú: ìgbéyàwó, ìrìbọmi àti òkú lè wà pọ̀ lójú ìwé kan. 1645 àti 1646 ni ọba pàṣẹ kí gbogbo ìjọ máa kọ ọ́, ṣùgbọ́n iná ilé pásítọ̀ ti jó ọ̀pọ̀. Ẹ wo ọdún tí ìwé ìjọ yín bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó ṣètò ohunkóhun.

Ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n fi ń ka ọjọ́. "Dom. 5 p. Trin." 1797 ni ọjọ́ ìsinmi karùn-ún lẹ́yìn Mẹ́talọ́kan. Ẹ wá ọjọ́ Àjínde ọdún náà, April 16. Ẹ fi ọjọ́ 56 kún un, Mẹ́talọ́kan bọ́ sí June 11. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún kún un, July 16. Ọjọ́ ìrìbọmi nìyẹn, kì í ṣe ọjọ́ ìbí. Nínú àwọn ìwé yẹn, wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ baba, kí wọ́n fo ti ìyá. Àwọn ẹlẹ́rìí ìrìbọmi ló ń tú àṣírí: obìnrin tó gbé ọmọ lọ sí ojú omi sábà máa ń jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí.

Orúkọ ọmọ náà ń sọ̀rọ̀. Àṣà wọn ni pé ọmọkùnrin àkọ́kọ́ ń jẹ́ orúkọ baba baba rẹ̀, èkejì orúkọ baba ìyá rẹ̀. Bí opó bá tún lọ́kọ, ọmọkùnrin àkọ́kọ́ tó bá bí fún ọkọ tuntun sábà máa ń jẹ́ orúkọ ọkọ tó kú. Àṣà ni, kì í ṣe òfin, ẹ má fi ṣe ẹ̀rí lásán.

Akọ̀wé_Àgbà

Skifte, ìwé pípín ogún, ni yóò gbé yín kọjá 1800. Ẹ má rò pé tálákà kò ní. Bí àgbẹ̀ bá kú tó fi opó àti ọmọ kéékèèké sílẹ̀, wọ́n á wọ ilé rẹ̀, wọ́n á ka ìkòkò, àgùntàn àti bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á fi owó sí i lórí, wọ́n á sì kọ orúkọ gbogbo ọmọ, ọjọ́ orí wọn àti ibi tí wọ́n wà. Ọmọbìnrin tó ti lọ́kọ, wọ́n á kọ orúkọ ọkọ rẹ̀. Fún ọmọ tí kò tíì dàgbà, wọ́n á yan alágbàtọ́, tó sábà máa ń jẹ́ arákùnrin baba. Ìran méjì lẹ máa ń rí lójú ìwé kan.

Ibi tí ó sábà máa ń há: ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò ní ilẹ̀ tiwọn, fæstebonde ni wọ́n, ayálégbé lórí ilẹ̀ ọlọ́lá. Olówó ilẹ̀ náà ló sì ń pín ogún wọn. Nítorí náà, ìwé náà wà lábẹ́ orúkọ gods, ìyẹn ilẹ̀ ọlọ́lá yẹn, kò sí lábẹ́ orúkọ sogn. Oko méjì tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ lábúlé kan lè wà lábẹ́ gods méjì. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ilẹ̀, kí ẹ wá orúkọ gods náà nínú Daisy, àkójọ orúkọ ìwé Rigsarkivet. Ẹ wo fæsteprotokol tirẹ̀ pẹ̀lú, ìwé tí wọ́n ń kọ àwọn tó yá ilẹ̀ sí. Ó máa ń kọ pé ẹni báyìí gba ilẹ̀ tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀, tàbí ilẹ̀ ẹni tó kú lẹ́yìn tó fẹ́ opó rẹ̀.

Bí ẹ bá rí i pé ọmọkùnrin gba ìlọ́po méjì ti ọmọbìnrin, kì í ṣe ojúsàájú. Òfin ni títí di 1857. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé rigsdaler 96 ló kù lẹ́yìn gbèsè: opó mú ìdajì, 48. Ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin méjì pín 48 tó kù sí ọ̀nà mẹ́fà, 8 ní ọ̀nà kan: ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan 16, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan 8. Ìṣirò yìí wúlò. Bí iye owó bá wà tí orúkọ ọmọ kan ti parẹ́, ẹ lè fi iye náà mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Rigsdaler kan jẹ́ mark 6, mark kan jẹ́ skilling 16. Ẹ má fi owó tí wọ́n kọ kí January 1813 tó dé wé ti ẹ̀yìn rẹ̀, torí ìgbà náà ni ìjọba wọ gbèsè tí wọ́n pààrọ̀ owó.

Ṣèwádìí

Ó yé mi. Ìbéèrè kan péré ló kù: nínú ìwé ìrìbọmi 1838, Niels wà, Jens àti Karen wà, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "Jævnf. Reg. Fol. 61 No. 9". Kí ni?

Túlé

Ọjà ti dé! Jævnførelsesregister ni, atọ́ka tó so gbogbo àkọsílẹ̀ ẹnìkan pọ̀ nínú ìwé ìjọ náà. Ẹ lọ sí ojú ìwé 61, nọ́mbà 9, nínú ìwé kan náà, apá ẹ̀yìn ló sábà máa ń wà. Bí pásítọ̀ náà bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí ìlà kan tó sọ ojú ìwé tí ìrìbọmi rẹ̀ wà, ojú ìwé tí ìgbọ́wọ́léni rẹ̀ wà, àti èyí tí ó wà nínú Afgangsliste, ìwé àwọn tó kúrò ní ìjọ. Afgangsliste náà ni kí ẹ sáré lọ wò. Yóò sọ oṣù tó kúrò àti ìjọ tó ń lọ. Fún ọmọ ọ̀dọ̀, ó sábà máa ń jẹ́ May 1 tàbí November 1, torí ọjọ́ méjèèjì ni wọ́n ń yí ọ̀gá padà. Ẹ wá Tilgangsliste ìjọ tó lọ, ìwé àwọn tó wọlé, lọ́jọ́ kan náà. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ọ̀nà tó gbà kọjá omi wọ Fyn.

Nǹkan bí 1875 ni wọ́n dẹ́kun kíkọ àwọn ìwé yìí, ti Niels sì ti yẹ kó parí ṣáájú ìgbà náà.